Ìjàpá Mi Kì í Mu Àmupara

Ọjọ́ Ajé, 11 Oṣù Keje, 1994

Ó pé ọ̀sẹ̀ kan géérégé lónìí tí àwọn òṣìṣẹ́ epo ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Mo gba Òkòkómáìkò kọjá láàárọ̀. Ọkọ̀ tó tò síwájú ilé epo gùn débi pé àwọn awakọ̀ kan ti fọ aṣọ, wọ́n sá a sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ń ta ayò. Owó ọkọ̀ láti ibẹ̀ dé Mile Two ti di ogún náírà.

Mo délé, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì Ìjàpá mi, mo ti igi bọ inú táǹkì. Gééjì Vọ́kìswágìn yìí ti kú kí n tó rà á, ṣùgbọ́n igi tí mo fi ń wọn epo rẹ̀ kì í parọ́. Mo ti fi ọ̀bẹ fín ilà sí i lára, ilà kan, lítà kan. Ó kan ilà kẹsàn-án. Lítà mẹ́sàn-án ni mo ní, mi ò sì mọ ìgbà tí òmíràn máa wọ ìlú.

Peugeot ọkọ mi ti gbẹ láti Ọjọ́bọ̀. Ó dúró sábẹ́ igi máńgòrò, ó ń dán bí ìyàwó tuntun tí wọn ò gbé lọ síbì kankan. Mo ní, "Bàbá Wálé, ọ̀mùtí yín ti sùn lọ."

Ó ní, "Ó kéré tán, èèyàn máa ń na ẹsẹ̀ nínú tiwa. Kì í ṣe ahun kan báyìí."

Mo dá a lóhùn pé ahun tó ń rìn sàn ju ẹṣin tó dùbúlẹ̀ lọ.

Mo ka orúkọ àwọn tó máa bímọ nílé ìgbẹ̀bí mi láàárín ìsinsìnyí sí ìparí oṣù tó ń bọ̀. Mọ́kànlá ni wọ́n. Mẹ́wàá nínú wọn lè bí sí mi lọ́wọ́ níbí, ní Ìbà, láìlo epo kankan. Ẹnì kọkànlá ni Mùsítúrà, ìyàwó Làmídì alápatà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ jáde nínú rẹ̀. Bó bá rọbí pẹ́ níbi tí kò sí dókítà, ojú àpá yẹn lè ya, òun àtọmọ á sì bá a lọ. Dókítà Ọlábísí ní Ọ̀tọ̀-Àwórì ló ṣe méjèèjì, ó sì ti dá ọjọ́ ẹ̀kẹta sí ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹjọ. Ó ní kó má wá ṣáájú, pé kò sí iná, kò sí omi nílé ìwòsàn òun, àfi bí ọ̀rọ̀ bá di kíákíá. Kìlómítà mẹ́tàlá ni láti ẹnu ọ̀nà mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Mo ti sọ fún Mùsítúrà pé ọjọ́ yòówù kó jẹ́, èmi ni màá gbé e lọ. Ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu mi. Ẹyin lohùn.


Ọjọ́rú, 13 Oṣù Keje

Mo gbé Ìjàpá lọ sọ́dọ̀ Òjó, mẹkáníìkì mi ní Òkòkó. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, kò sì ní tú bóòtù kan láìkọ́kọ́ gbàdúrà. Ó fọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò nínú fílítà, ó tún tàìmín ẹ́ńjìnnì ṣe. Nígbà tó yá, ó rọra sọ sí mi létí pé:

"Ìyá Nọ́ọ̀sì, ṣé kí n dín ihò jẹ́ẹ̀tì tí epo ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì yẹn kù fún yín? Gbogbo èèyàn ló ń ṣe é báyìí. Kò ní mu tó bó ṣe ń mu mọ́."

Mo ní, "Òjó, bí wọ́n bá dín oúnjẹ ẹ kù, ṣé wàá lè gbé ẹ́ńjìnnì?"

Ó rẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé fún un pé ebi kọ́ ni mo fẹ́ fi pa ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ tébi ń pa á gbóná, á jó fáàfù, á wá mu ohun tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ẹ̀kán epo kan má ṣòfò.

Ó ní, "Tiyín tiẹ̀ yàtọ̀. Kì í mu epo, òórùn ẹ̀ ló ń gbọ́."

Orí mi wú. Lọ́dọ̀ fọkanáísà, mo ní kó fún táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní afẹ́fẹ́ tó péye, torí táyà tó rọ̀ ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn ni. Mo kó gbogbo ẹrù tí mo ti ń rù kiri jáde: búlọ́ọ̀kù méjì tí mo fi ń dá táyà dúró, àpótí ìwé ìròyìn Bàbá Wálé, ọlọ àtijọ́ kan tí mi ò mọ ẹni tó ni ín. Ọdún wo ni mo ti ń fi epo mi gbé ọlọ rìn?


Ọjọ́ Àìkú, 17 Oṣù Keje

Ẹsẹ̀ la fi lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Òjò pa wá lọ, òjò pa wá bọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Májẹ́kódùnmí, aládùúgbò wa tó ń ṣiṣẹ́ kọ́ọ̀sítọ́ọ̀mù, wọlé lọ́sàn-án pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì kékeré. Ó fẹ́ lítà méjì péré kó lè gbé Mercedes rẹ̀ dé FESTAC lọ wo àṣekágbá bọ́ọ̀lù àgbáyé nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo ní kò sí.

Ó ní, "Sister, mo mọ̀ pé ó wà. Mo rí yín tẹ́ ẹ̀ ń ti igi bọ̀ ọ́."

Mo ní, "Ó wà. Àmọ́ kò sí fún bọ́ọ̀lù."

Ó bínú jáde. Kí n tó ti ilẹ̀kùn, mo gbọ́ tó ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Ahun ń wa ahun." Ọ̀rọ̀ náà dára débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Nínú èdè wa, orúkọ kan náà ni ìjàpá àti ẹni tó háwọ́ ń jẹ́, àwa méjèèjì sì gbà á, èmi àti ọkọ̀ mi.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19 Oṣù Keje

Lọ́ọ̀rì iṣu kan ń padà sí Ìkọ̀lé. Mo fi lẹ́tà rán awakọ̀ rẹ̀ sí màmá mi, kí ọkàn wọn lè balẹ̀ pé a wà láàyè pẹ̀lú gbogbo ohun tí rédíò ń sọ. Mo kọ ọ́ pé a dúpẹ́, pé Wálé ń ṣe dáadáa níléèwé, pé epo ti wọ́n bí ojú l'Ékòó, pé ìwọ̀nba èyí tí mo ní, àwọn aláboyún ni mo ń ṣọ́ ọ lò fún.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 Oṣù Keje

Oògùn tán nílé ìgbẹ̀bí, mo sì gbọ́dọ̀ lọ sí Ọ̀jọ́. Bàbá Wálé ní òun á tẹ̀ lé mi. Láti ìgbà tí mo ti ra Ìjàpá, ọdún mẹ́fà, kò wọ inú rẹ̀ rí àfi ọjọ́ tí mo rà á. Ó ká orúnkún mọ́ra, ó ń wò mí.

Mi ò tẹ iná mọ́ ọn. Mo bẹ̀rẹ̀ ní jẹ́jẹ́, mo sì yára bọ́ sí gíà kejì, ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin, kí ẹ́ńjìnnì tó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ààdọ́ta kìlómítà láàárín wákàtí kan, kò jù bẹ́ẹ̀. Mo ń wo iwájú réré. Níbi tí mo bá ti rí i pé ọ̀nà máa dí, mo ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo kí n tó débẹ̀, ọkọ̀ á máa fi agbára tó ti ní tẹ́lẹ̀ yí lọ. Bíréèkì ni olè tó ń jí epo. Gbogbo ìgbà téèyàn bá tẹ̀ ẹ́, epo tó ti sun ló ń dà nù.

Bàbá Wálé ní, "Deborah, o dà bí ẹni tó gbé ẹyin sórí."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni."

Olùkọ́ ìtàn ni ní yunifásítì, kò lè rí nǹkan kó má ṣe ìwádìí rẹ̀. Ó bi mí pé ṣé ọkọ̀ tó dáa ni èyí tí kì í mu epo. Mo ní kò sọ́kọ̀ tí kì í mu. Ohun tí ọkọ̀ fi èyí tó mu ṣe ló yẹ ká bi í. Ẹnì kan lè mu àgé omi kan kó fi ro oko dọ́sàn-án, ẹlòmíràn á mu àmù kan, á sùn sídìí rẹ̀. Peugeot rẹ̀ ń gbé toonu irin rìn kí ọkùnrin kan ṣoṣo lè na ẹsẹ̀. Ìjàpá ń gbé èèyàn.

Ó ní, "O ti di olùkọ́ nìyẹn." Ṣùgbọ́n nígbà tá a délé tí mo ti igi bọ táǹkì, òun fúnra rẹ̀ ló tẹrí ba kà á. Kò tó lítà méjì tá a lò. Ó tún un kà.


Ọjọ́rú, 27 Oṣù Keje

Inú bí mi lónìí. Ìjàpá kọ̀ kò jí. Nígbà tó jí, ó ń wúkọ́. Òjó rìn wá láti Òkòkó, ó tú kábúrétọ̀, ó rí nǹkan funfun kéékèèké tó dí ihò jẹ́ẹ̀tì. Ó fi imú sí i. Ó ní, "Ìyá Nọ́ọ̀sì, káńfọ̀ lèyí o. Èyí tí wọ́n ń fi sínú aṣọ."

Ẹnu ọ̀nà ni Bàbá Wálé dúró sí. Ó ń wo ilẹ̀.

Wọ́n sọ fún un ní sítáàfù rúùmù pé bí wọ́n bá ju káńfọ̀ mẹ́rin sínú táǹkì, epo á lágbára, á pẹ́ ní ìlọ́po méjì. Ó fẹ́ fi dá mi lárà ni. Ọ̀mọ̀wé, oníwèé mẹ́ta, ló ń fi káńfọ̀ tọ́jú epo bí ẹni ń tọ́jú aṣọ òkè. Mo ti fẹ́ sọ̀rọ̀ burúkú, àmọ́ ojú tó fi wò mí bà mí nínú jẹ́. Mo ní, "Bàbá Wálé, ẹ ṣé. Ẹ má ràn mí lọ́wọ́ mọ́."

Òjó fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sẹ́ epo náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìjàpá padà sípò. Lítà márùn-ún ló kù.


Ọjọ́ Ẹtì, 29 Oṣù Keje

Mùsítúrà wá ṣàyẹ̀wò. Ara rẹ̀ le, ọmọ ń tàpá. Ó ní, "Màámi, ṣé epo wa ṣì wà?" Epo wa, ló pè é. Mo ní ó wà.


Ọjọ́rú, 3 Oṣù Kẹjọ

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi.

Fúnkẹ́, ọmọge aránṣọ tó bí àkọ́bí rẹ̀ lọ́wọ́ mi láàárọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀ ní agogo mẹ́wàá. Mo ṣe gbogbo ohun tí mo mọ̀, kò dá. Mo dúró lẹ́bàá Ìjàpá pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, mo sì ro ti Mùsítúrà. Mi ò lè purọ́ nínú ìwé ara mi, mo rò ó. Bóyá ìdajì ìṣẹ́jú ni. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí ilẹ̀kùn, tí mo ní kí wọ́n gbé e wọlé.

Dókítà Ọlábísí dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró, àmọ́ ojú Fúnkẹ́ ti funfun. Ó ní kí n sáré lọ gba ẹ̀jẹ̀ ní Àgbárá. Mo lọ, mo bọ̀. Mi ò sáré bó ṣe wí, torí bí mo bá sáré mi ò ní lè padà. Nígbà tí mo fi dé, wọ́n ti gbé ìgò kọ́, wọ́n ń retí mi.

Fúnkẹ́ wà láàyè. Ó bi mí bóyá wọ́n ti wẹ ọmọ òun.

Mo délé nírọ̀lẹ́, mo ti igi bọ táǹkì. Nǹkan bí ìlàjì ilà kan. Ìlàjì lítà ló kù fún Mùsítúrà. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Kẹjọ

Làmídì gbé gálọ́ọ̀nù kan wá, igba náírà ló rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lẹ́bàá ọ̀nà. Ó sáré, ó làágùn, ayọ̀ kún ojú rẹ̀. Mo ta díẹ̀ sórí bébà, mo dúró kó gbẹ. Kò gbẹ, ó fi àbàwọ́n ọ̀rá sílẹ̀. Kẹrosíìnì ló pọ̀ jù níbẹ̀. Mo sọ fún un pé bí a bá dà á sínú Ìjàpá, àárín ọ̀nà la máa bímọ sí. Ọkùnrin tó ń ju àgbò sílẹ̀ ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi tó ń sunkún. Mo ní kó dá a padà fún ẹni tó tà á, kó má sì fi dáná rárá, kó má bàa gbiná mọ́ ọn lójú.


Ọjọ́ Ajé, 8 Oṣù Kẹjọ

Mo fẹsẹ̀ rìn dé ilé epo mẹ́ta. Òfìfo.


Ọjọ́rú, 10 Oṣù Kẹjọ

Lọ́ọ̀rì iṣu dé láti Ìkọ̀lé. Awakọ̀ ní màmá mi fi ẹrù rán òun sí mi. Ó ń sọ kẹ́ẹ̀gì ńlá kan kalẹ̀, lítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó ní, "Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé epo ni."

Orin ọpẹ́ ti wà lẹ́nu mi. Mo ṣí ìdérí. Epo pupa ni, ó ń ta sánsán.

Lẹ́tà wà lára rẹ̀, ọwọ́ Ọmọ́táyọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ni wọ́n fi kọ ọ́: "Deborah ọmọ mi, mo gbọ́ pé epo wọ́n l'Ékòó débi pé àwọn aláboyún lò ń ṣọ́ ọ lò fún. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun. Báwo ni aboyún á ṣe jẹun láìsí epo? Èyí, ọwọ́ ara mi ni mo fi fún un. Má ṣe ahun sí wọn. Jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́ yó. Èmi ìyá rẹ."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún. Bàbá Wálé ka lẹ́tà náà, ó rọra gbé e kalẹ̀. Ó ní, "Ohun tó o kọ ni wọ́n kà. Epo lo pè é." Òótọ́ ni. Epo lemi pè é, epo sì ni wọ́n fi ránṣẹ́.


Ọjọ́ Ẹtì, 12 Oṣù Kẹjọ

Làmídì ló mú àbá wá. Ní Alaba Rago tó ti ń pa ẹran, àwọn lọ́ọ̀rì tó ń kó àgbò bọ̀ láti Sókótó máa ń ní àwọn ọ̀gá tó ń bá wọn wá pẹ̀lú ọkọ̀ kékeré, wọn kì í sì í rìn láìgbé epo dání. Ó ní àwọn èèyàn yẹn ń wá epo pupa tó dáa bí ẹni ń wá góòlù, torí ti Èkó, omi àti àwọ̀ ni.

Làmídì fi ọmọlanke ti kẹ́ẹ̀gì náà láti Ìbà dé Alaba, èmi ń rìn lẹ́yìn pẹ̀lú agboòrùn. Málàámù Sánní ni orúkọ ẹni tá a bá. Ó fi ìka kan epo náà, ó lá a, ó ní, "Mánjà yìí dáa. Kò sí wàyó nínú ẹ̀."

Mo ní, "Màmá mi ló fún un. Fẹ́tù tìẹ ńkọ́? Ṣé kò sí wàyó nínú ẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó jẹ́ kí n ta á sórí bébà. Ó gbẹ láìfi ojú kan sílẹ̀. A dúnàádúrà láàárín àgbò títí oòrùn fi yí. Gálọ́ọ̀nù kan ló ní òun lè yọ̀ǹda, òun ò sì ní fi ẹ̀kán kan lé e. Mo gbà.

Nígbà tá à ń bọ̀, mo ń rò ó pé àwọn Hausa ní orúkọ ọ̀tọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, mánjà ni tọbẹ̀, fẹ́tù ni tọkọ̀. Ká ní bẹ́ẹ̀ làwa náà ń pè é, màmá mi ì bá má fi nǹkan kan ránṣẹ́, Mùsítúrà ì bá sì wà nínú ewu títí di ìsinsìnyí. Ọpẹ́ ni fún èdè tí orúkọ rẹ̀ ò tó nǹkan.


Ọjọ́ Ajé, 15 Oṣù Kẹjọ

Gbogbo ilẹ̀ rin fún òjò. Obìnrin méjì bímọ, ọkùnrin lọmọ méjèèjì. Mo ní láti gbé ọ̀kan nínú àwọn ìkókó lọ sí Òkòkó torí ojú rẹ̀ pọ́n. Mo padà délé, mo ti igi bọ táǹkì lẹ́ẹ̀mẹta. Ilà mẹ́ta àti díẹ̀. Yóò gbé wa dé Ọ̀tọ̀, yóò gbé mi bọ̀, á sì tún ṣẹ́ kù.


Ọjọ́bọ̀, 18 Oṣù Kẹjọ

Mo ń kọ èyí níta ilé ìwòsàn Dókítà Ọlábísí, lórí bẹ́ǹṣì, ẹ̀yìn ìwé àyẹ̀wò ni mo kọ ọ́ sí, màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé yìí.

Ó ku ọjọ́ mẹ́fà kí ọjọ́ tí wọ́n dá pé ni Mùsítúrà rọbí. Agogo méje àárọ̀ ni Làmídì sáré wọlé, àpá iṣẹ́ abẹ ti ń dun ìyàwó rẹ̀, ó ń dùn ún pàápàá láàárín ìrọbí kan sí èkejì. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Mi ò sọ fún wọn.

A gbé e sẹ́yìn. Mo ju ohun gbogbo sílẹ̀, títí dórí táyà ìpààrọ̀, àpò irinṣẹ́ nìkan ni mo gbé. Òjò òru ti fi omi dí ọ̀nà níwájú Òkòkó, àwọn ọkọ̀ díẹ̀ tó ṣì ń rìn ń fipá gba inú rẹ̀ kọjá, wọ́n ń tẹ epo, ẹ́ńjìnnì wọn ń bú. Mo yà gba ẹ̀gbẹ́ tó ga. Làmídì fọwọ́ lu ìjókòó.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́."

"Làmídì, jókòó."

"Màámi, ó ń kú lọ o."

Mo ní, "Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́ta la máa fi yá, ìlàjì lítà la máa san fún un. Mi ò mọ ohun tó wà níwájú." Bí mo ṣe wí nìyẹn, Ọlọ́run gbọ́. Mi ò mọ ìdí tí mo fi wí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọkọ̀, Mùsítúrà kò pariwo. Ó di etí ìjókòó mi mú, ó sì ń ròyìn ìrọbí rẹ̀ fún mi ní ohùn kékeré: "Ó ti dé o, Màámi. Ó ti lọ." Ààdọ́ta, gíà kẹrin, ọwọ́ kan náà. Mi ò tẹ bíréèkì ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láti Ìbà dé Ọ̀tọ̀. Mo kà á.

Dókítà jáde wá bá wa lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ojú Mùsítúrà, ó fọwọ́ kan àpá náà, ó sì wò mí. Ó ní, "Ìsinsìnyí ni. Àmọ́ Nọ́ọ̀sì, ọjọ́ kẹta rèé tí kò síná, epo jẹnẹrétọ̀ mi sì tán lánàá. Mo ti rán èèyàn lọ wá a, kò tí ì dé. Mi ò lè la ikùn ẹlẹ́ẹ̀kẹta lábẹ́ àtùpà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tú, kí ni màá fi fà á?"

Mo bi í pé lítà mélòó.

"Lítà kan fún wákàtí kan. Wákàtí méjì ni mo fẹ́."

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Igi kan ilà kejì, ó fi ìbú ìka kékeré lé e. Lítà méjì àti ẹ̀kán díẹ̀. Ohun tí mi ò tẹ̀ nù lójú ọ̀nà ló dúró síbẹ̀ tó ń wò mí.

Làmídì fẹ́ fi ẹnu fà á, mo gba rọ́bà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń kánjú, ì bá ti dà á nù. Mo fà á fúnra mi, ó kún ẹnu mi, ó ta mí débi pé omi jáde lójú mi, mo tu ú sínú kẹ́ẹ̀gì, mi ò tu ú sílẹ̀. A fà á títí rọ́bà fi bẹ̀rẹ̀ sí í mu afẹ́fẹ́. Nígbà tí jẹnẹrétọ̀ jí, tí iná tàn lójú fèrèsé yàrá iṣẹ́ abẹ, mo jókòó síbi tí mo wà yìí.

Agogo mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú: mo gbọ́ igbe ọmọ.

Agogo mọ́kànlá: Dókítà jáde. Obìnrin ni. Ó ní ojú àpá náà ti fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà, pé òun ń rí irun ọmọ láti òde. Ó ní bí ó bá pẹ́ díẹ̀ sí i, ó máa ya. Ó rán an tán, ó so ọ̀nà ọmọ rẹ̀ pa, Mùsítúrà kò ní ṣe ẹ̀kẹrin láéláé. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dákẹ́. Kò sí ẹni tó yíjú wò ó.


Ọjọ́ Ẹtì, 19 Oṣù Kẹjọ

Ẹsẹ̀ mi wú, Bàbá Wálé ń fi omi gbígbóná àti iyọ̀ jó o.

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn wálé lánàá, kìlómítà mẹ́tàlá. Wọ́n ní kí n sùn síbẹ̀, mo kọ̀, obìnrin mẹ́rin ló ń dúró dè mí. Bẹ́ẹ̀ ni mo sì ń rìn bí olówó. Àwọn ọkọ̀ ńlá tò lọ sọ́tùn-ún, sósì, gbogbo wọn gbẹ, mo ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn láìtẹrí ba fún èyíkéyìí.

Ní Òkòkó, Òjó rí mi láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó rí ẹsẹ̀ mi, ó rí ẹrẹ̀ lára aṣọ funfun mi, ó sáré wá, ojú rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì. Ó rò pé Ìjàpá ti já mi kulẹ̀.

Ó ní, "Ìyá Nọ́ọ̀sì, ọkọ̀ yín dà?"

Mo ní, "Ó wà ní Ọ̀tọ̀-Àwórì. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni."